Gẹ̀ẹ́sì Orí Wàláà

Ohun tó dun Mùínàt jù kọ́ ni pé wọ́n fọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sínú abọ́, tí wọ́n sì gbé e mu. Ìyẹn dùn ún, àmọ́ ó tún máa ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ohun tó ká a lára, tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀ fún odidi oṣù kan lọ́dún 1968, ni pé wọ́n mu ún tán, wọ́n nu ẹnu wọn nù, wọ́n sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mùyídéènì ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo. Ẹrù tó bá ti Kánò dé ni ó máa ń kọ sínú ìwé gbọọrọ kan láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó lójú ló ti rí i pé iṣẹ́ rélùwéè kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí lọ́rì ti ń gba ẹrù mọ́ wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni kálukú ń wá. Ìdánwò kan wà tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ di akọ̀wé ní ọ́fíìsì wọn n'Íléṣà. Ìṣirò inú rẹ̀ kò ba Mùyídéènì lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé e ṣubú. Wọn á to ogójì ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀, irú èyí tí akọ̀wé rélùwéè kì í bá pàdé nínú ìwé ẹrù láé, wọn á ní kó sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi í sínú gbólóhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi.

Bó ṣe ń kàwé gan-an ló ń bí Mùínàt nínú. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àga, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ṣí díṣọ́nárì, á sì máa wò ó bí ẹni ń wo àwòrán. Tó bá wò ó tán, á pa á dé. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á ti lọ. Ó wá ń sọ pé orí òun kò gba Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ọmọ Alfa kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni Mùínàt. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá rẹ̀ gbé wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú, lé e lọ́wọ́, kó sì tó pé mẹ́tàlá ó ti parí Kùránì, wọ́n ti ṣe wòlímọ̀t fún un, wọ́n ti gbé e yí àdúgbò ká. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń lọ sílé ìwé aláwọ̀ funfun láàárọ̀, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ sí ilé kéwú, bàbá rẹ̀ ní kéwú tó fún obìnrin. Kò tíì dárí èyí ji bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń tọrọ àforíjì Ọlọ́run fún un. Ó ń rán fìlà, ó bí Nọ́síràtù, ó ń sin ọkọ. Ṣùgbọ́n tó bá rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀, á gbé e, á yí i sókè, á yí i sódò, á sì rọra gbé e padà síbi tó wà.

Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, ó mú wàláà rẹ̀ méjèèjì jáde, ńlá àti kékeré, ó po tàdáwà, yíǹkì ilé kéwú, ó mú gègé ìkọ̀wé rẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹní.

“Bàbá Nọ́síràtù,” ó ní, “pe mẹ́wàá fún mi.”

Mùyídéènì kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó pe ọ̀rọ̀ kan láti inú díṣọ́nárì, Mùínàt sì fi lẹ́tà kéwú kọ ìró rẹ̀ láti apá ọ̀tún wá sí apá òsì. Ó ní kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Yorùbá, ó sì kọ ìyẹn náà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó pé mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn tí wọ́n fi ń kéwú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì síwájú, Yorùbá tẹ̀lé e, ó sì ní kí ọkọ òun máa gbè é. “Obstinate,” olóríkunkun. “Negligible,” ohun tí kò tó nǹkan. Òfin kan ṣoṣo ni ó fi lélẹ̀, òfin ilé kéwú ni: a kò ní fọ wàláà títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi ka gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá sọnù nínú mẹ́wàá, wàláà á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn di ọjọ́ kejì, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn ìrun alásárì, lójoojúmọ́. Àwọn tó ń kọjá lójúde a máa dúró díẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọn a ní kí Ọlọ́run bù kún obìnrin tó ń kọ́ ọkọ rẹ̀ ní kéwú. Màmá Àgbékẹ́, ìyá Mùyídéènì, a máa jókòó sórí àpótí rẹ̀ létí ògiri, á máa mi orí, á máa ṣe àmín níbi tó bá ti rò pé ó yẹ. Kò gbọ́ Lárúbáwá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn kéwú ni ó gbọ́, lẹ́tà kéwú ni ó rí, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ni ó rò pé wọ́n ń kà.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára jù? Mùínàt ni. Ọkọ rẹ̀ á mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á ti gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Òun kì í gbàgbé. Bó ti ń gún abẹ́rẹ́ sára fìlà ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń yí lẹ́nu rẹ̀. Ó pe ewúrẹ́ Màmá ní “obstinate,” ó pe iyọ̀ tí wọ́n wọ̀n fún un lọ́jà ní “negligible.” Tíṣà Ọmọ́yẹlé, obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó háyà yàrá kan nínú agbo ilé wọn, ló ń bá wọn tún ìró ọ̀rọ̀ ṣe tí wọ́n bá pè é bó ṣe wù wọ́n. Obìnrin yìí ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣu ní uṣu, àwọn ará agbo ilé sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó tó o bá sọ̀rọ̀. Ó ń padà lọ sí Iléṣà lópin ọdún láti lọ kọ́ kíláàsì ọ̀sán kan fún àwọn ìyá tí kò lọ ilé ìwé rí. Ọdún méjì péré, wọn á sì jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà.

“Mùínàt,” Tíṣà sọ fún un lọ́jọ́ kan, “ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti kàwé mẹ́wàá kò ní ìdajì rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni o kò tíì mọ̀. Kí lo jókòó sí ulé fún?”

Láti ọjọ́ yẹn ni Mùínàt kò ti ní ìfẹ́ ohun mìíràn. Ó fẹ́ rí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú aṣọ tiwọn.

Kò fi bò fún ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó sọ ọ́ jẹ́ ọjọ́ tí wàláà ńlá ń yọ Mùyídéènì lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mẹ́wàá ọjọ́ náà, “relinquish,” tí kò yéé gbàgbé. Inú bí i, ó ti díṣọ́nárì dà nù, ó ní òun kò ṣe mọ́. Mùínàt ní kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ṣe é títí tó yege, kí ni òun máa rí gbà? Ó sọ̀rọ̀ kíláàsì Tíṣà fún un. Mùyídéènì na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e lé wàláà ńlá náà pẹrẹsẹ, ó sì ní, “Tí mo bá fi lè yege, tí a bá dé Iléṣà, kíláàsì náà ni o máa wọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e.” Màmá tó wà lórí àpótí rí i. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ó ní àmín.

Wọn kò fọ wàláà ńlá náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, nítorí Mùyídéènì kò mọ “relinquish.” Wàláà kékeré ni wọ́n ń lò.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, Màmá lọ bá Alfa Sàláúdéènì ní Òkè-Baálẹ̀ pé kó bá òun ṣe àdúrà fún ọmọ òun. Alfa ní òun á ṣe é, òun á sì fi nǹkan ránṣẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Màmá rí wàláà kékeré tó fara ti ògiri, tàdáwà dúdú kún un bámú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé nǹkan tí Alfa fi ránṣẹ́ ni wọ́n kọ sí i. Ó bu omi, ó fọ wàláà náà sínú abọ́ funfun pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ pé kó mu omi hàǹtú náà tán, kó má ku ẹ̀kán kan. Nígbà tí Mùínàt ti ibi ẹ̀rọ omi dé, wàláà rẹ̀ ti mọ́ láú, ètè ọkọ rẹ̀ sì dúdú. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó le jù nínú gbogbo díṣọ́nárì, tí wọ́n kà títí lálẹ́ àná, tó kù kí wọ́n tún yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti wọ ikùn. Mùyídéènì ṣẹ́jú sí i. Ó ní kó fi Màmá sílẹ̀, pé ó ṣáà ti wọ inú òun báyìí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ti ibi ìdánwò dé, ó ń fò sókè bí ọmọdé. Ó ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá náà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, lẹ́nu ara rẹ̀, fún Mùínàt, nínú yàrá.

Ó yege. Lẹ́tà dé pé kó máa bọ̀ n'Íléṣà. Kí Mùínàt tó dìde nílẹ̀ níbi tó ti forí kanlẹ̀ dúpẹ́, Màmá ti dé Òkè-Baálẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé hàǹtú Alfa Sàláúdéènì ló gbé ọmọ Àgbékẹ́ já. Alfa kò mọ wàláà kankan tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọpẹ́ dùn, ó sì gbà á. Mùínàt ń retí kí ọkọ rẹ̀ la ẹnu. Mùyídéènì kò la ẹnu. Nígbà tó bi í, ó ní ṣé kí òun wá máa sọ fáwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òun pé ìyàwó òun ló kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì ni? Kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Mùínàt gbé ìyẹn mì, kò rọrùn, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà Ọmọ́yẹlé, tó ti padà sí Iléṣà, fi fọ́ọ̀mù kíláàsì náà ránṣẹ́, tí ibi ìbuwọ́lù ọkọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Mùyídéènì wò ó, ó sì tì í padà. Ó ní ìyàwó akọ̀wé ìjọba kò gbọdọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa ka A B D bí ọmọ kékeré, wọn á fi òun ṣẹ̀sín ní ọ́fíìsì. Mùínàt rán an létí ìlérí rẹ̀. Mùyídéènì ní ìlérí wo? Kí ni Mùínàt ṣe gan-an? Ó kàn di wàláà mú lásán ni. Hàǹtú Alfa ló ṣe é, gbogbo ayé ló mọ̀.

Ọkùnrin tó mu tàdáwà, tó mọ ohun tó mu, tó mọ ẹni tó kọ ọ́, ló ń sọ èyí lójú obìnrin náà. Mùínàt kò sunkún. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú ìwé kéwú rẹ̀, ó sì ń rán fìlà lọ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn àjò wọn, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ nínú agbo ilé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Alfa Sàláúdéènì jókòó níwájú, ó ṣe wàsí, wọ́n pín sàráà. Àwọn ọ̀rẹ́ Mùyídéènì láti rélùwéè wá. Tíṣà Ọmọ́yẹlé náà ti Iléṣà wá, ó sì sọ fún Mùínàt ní kọ̀rọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n máa kó fọ́ọ̀mù jọ. Mùyídéènì wá dìde láti dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alfa, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí dórí télọ̀ tó rán ṣòkòtò tó wọ̀ lọ ṣe ìdánwò. Télọ̀! Mùínàt tó gbé àwo dání létí ilẹ̀kùn gbọ́ ọ, ó rò pé òun ṣì í gbọ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bi í pé ìyàwó ńkọ́. Mùyídéènì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Ìyá Nọ́síràtù máa rán fìlà tirẹ̀, kò mọ A, kò mọ B. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mùínàt gbé àwo sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú wàláà ńlá lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó wà lára rẹ̀ láti ìgbà náà, ó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú Alfa, ó sì gbé e lé orí ẹní.

“Alfa, ẹ jọ̀wọ́,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga, “ẹ bá mi bi ọmọ yín pé kí ló sọ lọ́jọ́ tó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé wàláà yìí.”

Mùyídéènì ní kò sí ohun tí òun sọ. Màmá Àgbékẹ́ ni kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ojú òun báyìí ni, òun bọ́ bàtà sí i, pé ọmọ òun gbé ọwọ́ lé wàláà, ó ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé kíláàsì Tíṣà ni ó máa wọ̀ tí wọ́n bá dé Iléṣà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní ṣé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré ní ọjọ́ tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ ni?

Ojú Alfa ti yí padà. Ó ní ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé Kùránì tó wá sẹ́ ẹ, kí ó mọ ẹni tó ń bá jà. Mùyídéènì wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀nà níbì kankan àfi ẹyọ kan, ó sì gba ibẹ̀.

“Alfa, kì í ṣe Kùránì ló wà níbẹ̀,” ó ní. “Gẹ̀ẹ́sì ni.”

Alfa gbé wàláà náà sún mọ́ ojú. Ó rọra ka ìlà kìíní, ó dúró, ó tún un kà. Ó ka ìkejì. Lẹ́tà náà mọ́, ọwọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jọ Lárúbáwá níbẹ̀. Tíṣà Ọmọ́yẹlé sún mọ́ ọn, ó ní ohun tí Alfa pè yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì pé.

Màmá ṣì ń ro ọ̀rọ̀ náà. “Èyí tí mo fọ̀ fún ọ mu láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ńkọ́?” ó bi ọmọ rẹ̀. “Òun náà?”

Mùyídéènì yíjú sí wàláà. Màmá bi í lẹ́ẹ̀kejì.

“Gẹ̀ẹ́sì ni, Màmá.”

“Ta ló kọ ọ́?”

Àwọn ọkùnrin rélùwéè ti na ọrùn.

“Mùínàt ni,” ó ní.

Alfa Sàláúdéènì gbé wàláà sílẹ̀. Ó ti rí i pé ọpẹ́ oṣù kan ti bọ́ lọ́wọ́ òun lójú gbogbo èèyàn, ó sì dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni. Ó ní, “Mùyídéènì, tó bá jẹ́ Kùránì, o ní ìlérí láti mú ṣẹ. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, o ní olùkọ́ tí o kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mú ọ̀kan.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mùínàt mú fọ́ọ̀mù inú ìwé kéwú rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ lé orí wàláà. Tíṣà na bíìrò sí Mùyídéènì, Mùínàt sì tì í kúrò. Ó gbé ìgò tàdáwà àti gègé rẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé ìjọba kò mọ gègé í dì mú, tàdáwà kán sí i lẹ́wù, ó sì buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará ilé ní ó tó, ó tó, kó dìde. Mùínàt kò sọ pé ó tó. Inú ṣì ń bí i. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ lójú èrò ni ó ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí, ohun tí ọkọ rẹ̀ lè sọ láàárín ara wọn nínú yàrá ni.

“Relinquish,” ó bi í.

Mùyídéènì gbójú sókè nílẹ̀. “Kí èèyàn jọ̀wọ́ ohun tó dì mú.”

Ó gbà á. Òfin ni òfin, ó ti kà á já. Mùínàt bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ wàláà ńlá. Ìgbà yẹn ni Màmá Àgbékẹ́ dìde lórí àpótí, ó gbé abọ́ funfun rẹ̀ wá, ó gbà á sábẹ́ wàláà náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní Kùránì ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, èyí tó gbé ọmọ òun já, kí wọ́n bu díẹ̀ fún Nọ́síràtù náà mu.

“Màmá,” Mùínàt ní, “kò sí ohun tí mímu rẹ̀ máa ṣe fún un. Mo máa kọ́ ọ.”

Ó yí wàláà kúrò lórí abọ́, ó da omi dúdú náà sí ìdí ìbẹ́pẹ, ó sì gbé wàláà sínú oòrùn kó gbẹ.